Pápá Eré-Ìje Battersea Park

Pápá Eré-Ìje Battersea Park jẹ́ pápá ojú ọ̀nà fún eré-ìje ọkọ̀ oníná mànàmáná, tí wọ́n là sí inú ọgbà ìgbafẹ́ Battersea Park ní etí gúúsù odò Thames, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Wandsworth, ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan. Ibẹ̀ ni Formula E, ìdíje àwọn ọkọ̀ oníná mànàmáná tí àjọ FIA fọwọ́ sí, ti parí sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 27 àti 28 oṣù Kẹfà ọdún 2015, tí ó sì ti parí sáà rẹ̀ kejì ní ọjọ́ 2 àti 3 oṣù Keje ọdún 2016. Eré-ìje mẹ́rin péré ni wọ́n sá níbẹ̀. Ní sáà méjèèjì, a kò mọ ẹni tí yóò gba oyè olúborí títí di eré tí ó kẹ́yìn: àmì kan ni ó wà láàárín ẹni kìn-ín-ní àti ẹni kejì ní ọdún 2015, àmì méjì ni ó wà láàárín wọn ní ọdún 2016.

Pápá yìí kì í ṣe èyí tí ó wà títí. Ọ̀nà inú ọgbà tí àwọn ará ìlú ń rìn, tí wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ni wọ́n fi ògiri kọnkéré àti odi wáyà yí ká fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n sì tú palẹ̀ nígbà tí eré parí. Ìdí èyí ni àwọn kan lára àwọn olùgbé àdúgbò náà fi tako ìdíje náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, àdéhùn tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ní ọdún 2016 sì fòpin sí eré-ìje ọkọ̀ nínú ọgbà náà.

## Ọgbà náà

Kí ọgbà tó wà níbẹ̀, Battersea Fields ni orúkọ ibẹ̀, ilẹ̀ àkúrọ̀ ni, tí omi odò Thames sábà máa ń bò. Níbẹ̀ ni Duke ti Wellington, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àti Earl ti Winchilsea ti fi ìbọn ko ara wọn lójú ní oṣù Kẹta ọdún 1829 nítorí aáwọ̀ lórí òfin tí ó fún àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní ẹ̀tọ́ ìṣèlú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fara pa.

Ní ọdún 1846 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó fàyè gba kí wọ́n sọ ilẹ̀ náà di ọgbà fún ará ìlú. James Pennethorne ni ó ya àwòrán rẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, wọ́n ní láti kó erùpẹ̀ púpọ̀ wá kún un. Lára erùpẹ̀ yìí ni èyí tí wọ́n hú jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ èbúté Victoria Dock ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó gba orí odò wá. Ọbabìnrin Victoria ni ó ṣí ọgbà náà ní ọdún 1858. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 83. Adágún omi wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Carriage Drive sì yí i ká ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn olówó tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n la àwọn ọ̀nà náà fún.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìlò àwọn ọ̀nà yìí ti yí padà. Ní nǹkan bí ọdún 1895, nígbà tí gígun kẹ̀kẹ́ ológeere ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, Battersea Park di ibi tí àwọn gbajúmọ̀ obìnrin Lọ́ńdọ̀nù ti ń kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń gùn ún. Ní ọdún 1951, nígbà Àjọ̀dún ilẹ̀ Brítánì, wọ́n ya apá kan ọgbà sọ́tọ̀ fún ọgbà ìdárayá àti ibi ìṣeré ọmọdé pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ìgbádùn ńláńlá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ìjàǹbá kan ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ọmọ márùn-ún sì kú. Wọ́n ti ibi ìṣeré náà pa ní ọdún 1974. Ní ọdún 1985, àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà láti ilẹ̀ Japan kọ́ ilé àlàáfíà kan tí wọ́n ń pè ní Peace Pagoda sí etí odò. Ní ọdún 1986, lẹ́yìn tí wọ́n tú ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ká, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Wandsworth ni ó gba ìtọ́jú ọgbà náà. Ọgbà náà wà ní ipele II* nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọgbà onítàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó fi hàn pé a kà á sí ogún tí ó yẹ kí a dáàbò bò.

## Bí ìdíje náà ṣe dé inú ọgbà

Alejandro Agag, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Spéìn, ni ó dá Formula E sílẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Jean Todt, tí ó jẹ́ ààrẹ àjọ FIA nígbà náà. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni wọ́n sá eré àkọ́kọ́ ní ìlú Beijing. Èrò àwọn olùdásílẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ìdíje ọkọ̀ ìṣáájú. Dípò kí wọ́n pe òǹwòran jáde lọ sí pápá tí ó jìnnà sí ìlú, wọ́n fẹ́ gbé eré wá sí àárín ìlú gan-an, nítorí pé ọkọ̀ oníná mànàmáná kò ní èéfín, ariwo rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti ọkọ̀ Formula 1. Ìlú náà ni wọ́n sì gbà pé ọkọ̀ oníná mànàmáná yóò ti wúlò jù. Nínú sáà àkọ́kọ́, wọ́n sáré ní àwọn ìlú bíi Buenos Aires, Miami, Monaco, Berlin àti Moscow kí wọ́n tó wá parí rẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin jẹ́ ìdènà fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà náà, kò bófin mu láti sá eré-ìje ọkọ̀ lórí ọ̀nà ìjọba, àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ṣe òfin àkànṣe. Irú òfin àkànṣe bẹ́ẹ̀ ni ìlú Birmingham gbà kí wọ́n tó lè máa sá eré-ìje ní àárín ìgboro láti ọdún 1986 sí ọdún 1990. Oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni òfin tuntun tí ó fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní àǹfààní láti fàyè gba eré-ìje lórí ọ̀nà ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Battersea, inú ọgbà ni gbogbo ọ̀nà eré náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbìmọ̀ Wandsworth, tí ọgbà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ni àwọn olùṣètò bá ṣe àdéhùn.

## Bí ọ̀nà eré ṣe rí

Gígùn ìyípo kan tó kìlómítà 2.9. Àwọn ọ̀nà Carriage Drive tí ó yí ọgbà ká ni ó gbà kọjá, nítorí náà igi ńláńlá ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi púpọ̀. Ọ̀nà náà há, ó sì ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ààyè tí awakọ̀ fi lè kọjá lára ẹlòmíràn kò pọ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ipò tí awakọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ eré ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju bí ó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ pápá mìíràn lọ.

Ojú ọ̀nà náà kò tẹ́jú dáadáa, nítorí pé ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lò ó fún. Ìgbà ìdánrawò ọdún 2015 ni ó hàn pé ojú ọ̀nà wú sókè lẹ́bàá kọ́nà àkọ́kọ́, ó sì ń gbọn àwọn ọkọ̀ débi pé ó ń ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Nítorí èyí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdáàbòbò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí gbogbo ọkọ̀ má baà já lu ibẹ̀ pọ̀ lójijì. Kí eré ọjọ́ Àìkú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti tún ibẹ̀ tò kí ó lè dín eré àwọn ọkọ̀ kù.

## Ọkọ̀ àti agbára iná

Ní sáà àkọ́kọ́, irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́wàá ń lò: Spark-Renault SRT_01E. Ilé-iṣẹ́ Williams ni ó ṣe bátìrì rẹ̀, McLaren ni ó ṣe mọ́tò iná rẹ̀, Michelin sì ni ó ṣe táyà rẹ̀. Láti sáà kejì ni wọ́n ti gba àwọn ẹgbẹ́ láàyè láti ṣe mọ́tò iná tiwọn.

Agbára tí awakọ̀ lè lò nínú bátìrì kan kò ju kílówáàtì-wákàtí 28 lọ. Nígbà eré, wọ́n fi òté lé agbára tí mọ́tò lè fà: kílówáàtì 150 ní sáà àkọ́kọ́, kílówáàtì 170 ní sáà kejì. Bí awakọ̀ bá tẹ ọkọ̀ dópin ní kílówáàtì 150 láìdẹsẹ̀, gbogbo agbára inú bátìrì yóò tán kí ó tó pé ìṣẹ́jú 12. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà yanjú èyí. Èkíní ni pé ọkọ̀ méjì ni awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò: bí eré bá dé àárín, yóò wọ inú ibùdó ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, yóò sì kó sínú ìkejì tí bátìrì rẹ̀ kún. Èkejì ni pé awakọ̀ ní láti máa ṣọ́ agbára ná. Yóò yọ ẹsẹ̀ kí ó tó dé kọ́nà, yóò sì jẹ́ kí mọ́tò dá agbára díẹ̀ padà sínú bátìrì nígbà tí ó bá ń dín eré kù. Ẹni tí ó bá lo agbára kọjá ìwọ̀n yóò jìyà rẹ̀, kódà bí ó bá kọ́kọ́ gba ìlà ìparí kọjá.

Ẹ̀rọ amúnáwá tí ó ń lo glycerine dípò epo dísù ni wọ́n fi ń kún bátìrì àwọn ọkọ̀ náà ní àwọn sáà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn.

Ní ti ìṣirò àmì, ẹni kìn-ín-ní ń gba 25, ẹni kejì 18, ẹni kẹta 15, ẹni kẹrin 12, ẹni karùn-ún 10, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín kù títí dé ẹni kẹwàá tí ó ń gba 1. Ẹni tí ó bá gba ipò kìn-ín-ní fún ìbẹ̀rẹ̀ eré ń gba àmì 3 lọ́tọ̀. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá sá ìyípo tí ó yá jù lọ nínú eré máa ń gba àmì 2. Àwọn àmì kéékèèké wọ̀nyí ni ó pinnu oyè ọdún 2016.

## Ìdíje ọdún 2015

Nelson Piquet Jr., ọmọ ilẹ̀ Brasil, ni ó ṣíwájú nígbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù. Àmì 128 ni ó ní. Lucas di Grassi, ọmọ ilẹ̀ Brasil bákan náà, ní 111. Sébastien Buemi, ọmọ ilẹ̀ Swítsàlandì tí ó ń wa ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ e.dams Renault, ní 105. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Buemi gba ipò kìn-ín-ní fún ìbẹ̀rẹ̀, ó sì borí nínú eré. Àmì 28 ni ó rí kó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Piquet ṣe ipò karùn-ún. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe ń ṣú, àmì 5 péré ni ó kù láàárín àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ Àìkú, òjò bá Piquet lára nígbà tí wọ́n ń du ipò ìbẹ̀rẹ̀, ipò kẹrìndínlógún ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ eré. Ó ní láti máa kọjá lára àwọn mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tí kò gba ìkọjá. Buemi wà níwájú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó pààrọ̀ ọkọ̀, táyà rẹ̀ tí kò tíì móoru yọ̀, ọkọ̀ sì yí bírí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ipò kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ìyípo tí ó gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn Bruno Senna ni ó wà, ó sì ń wá ọ̀nà láti kọjá. Bí ó bá ti kọjá, ipò kẹrin ni ì bá ṣe, àmì rẹ̀ ì bá sì di 145. Senna kò gbà fún un. Buemi parí sí ipò karùn-ún pẹ̀lú àmì 143, Piquet sì parí sí ipò keje pẹ̀lú àmì 144. Báyìí ni Piquet ṣe di olúborí àkọ́kọ́ nínú ìtàn Formula E.

Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn eré-ìje ọkọ̀ kò ṣàì kíyè sí orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Bàbá Piquet, Nelson Piquet, gba oyè àgbáyé Formula 1 ní ìgbà mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ayrton Senna ni Bruno Senna. Alain Prost, tí òun àti Ayrton Senna bá ara wọn díje kíkankíkan ní ìgbà ayé rẹ̀, sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ tí Buemi ń wa ọkọ̀ fún sílẹ̀.

Stéphane Sarrazin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ gba ìlà ìparí kọjá ní ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó ti lo agbára kọjá ìwọ̀n, wọ́n sì fi àkókò kún tirẹ̀. Sam Bird, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń wa ọkọ̀ fún Virgin Racing, ni ó gba ìborí náà níwájú àwọn ará ilé rẹ̀.

## Ìdíje ọdún 2016

Ní ọdún kejì, di Grassi àti Buemi nìkan ni oyè kù sí lọ́wọ́. Di Grassi ní àmì 141, Buemi ní 140. Nicolas Prost, ọmọ Alain Prost, ni ó borí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Di Grassi ṣe ipò kẹrin, Buemi ṣe ìkarùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, di Grassi ní 153, Buemi ní 150. Nígbà tí Buemi gba ipò kìn-ín-ní fún ìbẹ̀rẹ̀ eré, àmì 3 tí ó tẹ̀lé e mú kí àwọn méjèèjì dọ́gba.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ní ìyípo àkọ́kọ́, kí wọ́n tó rìn jìnnà, ọkọ̀ di Grassi kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ Buemi ní kọ́nà kẹta. Ọkọ̀ méjèèjì bàjẹ́. Ó dà bí ẹni pé oyè ti parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì ní ọkọ̀ kejì ní ibùdó, àmì 2 tí ó wà fún ìyípo tí ó yá jù lọ sì ṣì wà nílẹ̀. Àwọn méjèèjì kó sínú ọkọ̀ kejì. Kò sí èyí tí ó ń lé ipò mọ́ nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìgbà tí ojú ọ̀nà bá ṣófo, kí wọ́n lè sá ìyípo kan ṣoṣo ní àsápajúdé. Buemi ni ó yá jù. Ó parí sáà náà pẹ̀lú àmì 155, di Grassi pẹ̀lú 153. Prost tún borí nínú eré náà, ó sì di ẹni kan ṣoṣo tí ó borí ní ẹ̀ẹ̀mejì ní Battersea.

## Awuyewuye lórí ìlò ọgbà náà

Àwọn tí wọ́n fẹ́ ìdíje náà sọ pé afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ti bàjẹ́ nítorí èéfín ọkọ̀, pé ó sì yẹ kí àwọn ará ìlú fi ojú ara wọn rí ohun tí ọkọ̀ oníná mànàmáná lè ṣe. Ìgbìmọ̀ Wandsworth wo owó tí ìdíje náà yóò mú wọlé, ní àkókò tí owó tí ó ń wọlé fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ń dín kù, tí ìtọ́jú ọgbà sì ń náni lówó.

Àwọn alátakò, tí wọ́n kóra jọ sábẹ́ orúkọ Battersea Park Action Group, kò bá ọkọ̀ oníná mànàmáná jà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọjọ́ méjì ni eré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó yí i ká gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọkọ̀ eré-ìje kò bá tilẹ̀ pariwo, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń kó ògiri kọnkéré wọlé ń pariwo. Bí ọkọ̀ eré-ìje kò bá rú èéfín, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù náà ń rú u. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ojú ọjọ́ dára, tí àwọn tí kò ní àgbàlá nílé nílò ọgbà jù lọ, ni wọ́n ti apá púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ wọn, ní ọjọ́ eré sì ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ó lè wọlé síbi ìwòran. Wọ́n tún ń bẹ̀rù fún igi, koríko àti àwọn ohun ọgbà tí ó ti pẹ́.

Ìbéèrè tí ó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé, ta ni ó ni ọgbà? Bí ìgbìmọ̀ bá ni ìtọ́jú rẹ̀, ṣé ó lè fi yá ilé-iṣẹ́ aládàáni, kódà fún ohun tí ó dára? Àbí ọgbà tí òfin dá sílẹ̀ fún ará ìlú gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún wọn nígbà gbogbo?

Ní òpin ọdún 2015, ìgbìmọ̀ Wandsworth dìbò pé kí ìdíje tún wáyé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Olùgbé àdúgbò kan gbé ìgbìmọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, ó ní kí ilé-ẹjọ́ yẹ ìpinnu náà wò bóyá ó bófin mu. Ẹjọ́ náà kò dé ìdájọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn: Formula E gbà pé ìdíje ọdún 2016 ni yóò jẹ́ ìkẹyìn nínú ọgbà náà, olùpẹ̀jọ́ sì jáwọ́. Nítorí náà, nígbà tí Buemi àti di Grassi kọlu ara wọn ní oṣù Keje, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé eré-ìje kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Nítorí pé kò sí ìdájọ́, ilé-ẹjọ́ kò sọ ẹ̀yìn ẹni tí òfin wà lórí ìbéèrè náà.

## Lẹ́yìn Battersea

Lọ́ńdọ̀nù kò ní eré Formula E kankan ní ọdún 2017. Ìlú Montréal ní ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n ti parí sáà náà, ní àárín ìgboro, ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù Keje, níbi tí di Grassi ti gba oyè tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Battersea. Irú ìbínú kan náà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n dí àti owó ìlú tí wọ́n ná. Ìdíje náà di ọ̀rọ̀ ìbò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Valérie Plante borí Denis Coderre, olórí ìlú tí ó gbé ìdíje náà wá, ó sì fagi lé ti ọdún tí ó tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá.

Formula E padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 24 àti 25 oṣù Keje ọdún 2021, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti dí ìpadàbọ̀ tí wọ́n ṣètò fún ọdún 2020 lọ́wọ́. Kì í ṣe inú ọgbà ni wọ́n lọ mọ́, bí kò ṣe ExCeL, gbọ̀ngàn ìpàtẹ ọjà ńlá kan ní ìlà-oòrùn ìlú. Apá kan ọ̀nà eré náà wà nínú ilé, lábẹ́ òrùlé, apá kejì sì wà níta lẹ́bàá omi. Ọkọ̀ tí kò ní èéfín ni ó mú kí irú rẹ̀ ṣeé ṣe. Ní ìgbà náà, bátìrì ti lágbára tó láti gbé ọkọ̀ kan parí eré, kò sì sí pípààrọ̀ ọkọ̀ mọ́. Jake Dennis àti Alex Lynn, ọmọ ilẹ̀ Brítánì méjèèjì, ni wọ́n borí.

Etí àríwá èbúté Royal Victoria Dock ni ExCeL wà, èbúté kan náà tí wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ kún ilẹ̀ Battersea ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Battersea, wọ́n ti tú ògiri àti wáyà kúrò. Àwọn ọ̀nà Carriage Drive ṣì wà fún àwọn tí ń rìn, àwọn tí ń sáré ìdárayá àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́.

## Àwọn tí ó borí

Eré ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2015
- Kìn-ín-ní: Sébastien Buemi (Swítsàlandì)
- Kejì: Jérôme d'Ambrosio (Bẹ́ljíọ̀m)
- Kẹta: Jean-Éric Vergne (Faransé)

Eré ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2015
- Kìn-ín-ní: Sam Bird (Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan)
- Kejì: Jérôme d'Ambrosio (Bẹ́ljíọ̀m)
- Kẹta: Loïc Duval (Faransé)
- Olúborí sáà: Nelson Piquet Jr. (Brasil), àmì 144

Eré ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2016
- Kìn-ín-ní: Nicolas Prost (Faransé)
- Kejì: Bruno Senna (Brasil)
- Kẹta: Jean-Éric Vergne (Faransé)

Eré ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2016
- Kìn-ín-ní: Nicolas Prost (Faransé)
- Kejì: Daniel Abt (Jámánì)
- Kẹta: Jérôme d'Ambrosio (Bẹ́ljíọ̀m)
- Olúborí sáà: Sébastien Buemi (Swítsàlandì), àmì 155